Aṣọ Bọ́tìnì Lára Ògiri

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

"Ta ló ní kó o bi wọ́n? Mo ní ta ló ní kó o bi wọ́n! Ẹni tó bá ti ń fúnni ní nǹkan, a kì í bi í bóyá ó ṣì fẹ́ máa fúnni! Kí wọn, dúpẹ́, sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, gbé fóònù sílẹ̀! Ó parí! Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Màámi, bí Àǹtí ṣe pariwo ẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn, lójú gbogbo èèyàn, mo sì ń kọ ọ́ kó tó tutù. Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ kú àárò mi. Ṣé ẹ̀yìn ò dùn yín mọ́? Ṣé maṣíìnì yẹn ò já òwú mọ́? Èmi wà, àmọ́ mi ò lè sọ pé mo wà dáadáa.

Ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, Àǹtí máa ń wà nítòsí. Fóònù ilé wọn ni. Lẹ́tà nìkan ni mo ní tí wọn ò lè gbọ́.

Yàrá kan ni, kò ní fèrèsé. Àga méjìlélógún, fóònù méjìlélógún, pákó tín-ínrín láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì bí ilé ẹyẹlé. Ẹgbẹ́ aláàánú ni. Àwọn ọmọdé tí ihò wà lọ́kàn wọn la ń tọrọ fún, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ abẹ ṣe. Kì í ṣe irọ́ o, mo ti rí ọ̀kan nínú wọn, ó wá dúpẹ́, ó ń sáré kiri abẹ́ àga wa. Àǹtí ni olórí yàrá. Wọ́n ní àánú ò ṣeé gbára lé, bí ojú òjò ni, òní ṣú, ọ̀la là. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti mọ́ èèyàn lára kì í lọ. Nítorí náà, kí á má wá àánú, kí á wá bó ṣe máa mọ́ wọn lára.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní àwọn èèyàn tiẹ̀. A ó máa pè wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ní aago kan náà, títí etí wọn á fi máa retí wa. Owó kékeré la kọ́kọ́ ń tọrọ, èyí tó kéré débi pé ojú á ti èèyàn láti sọ pé òun ò ní in. Lẹ́yìn náà a ó so ó mọ́ nǹkan tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: "Tí ẹ bá ti gbé omi tíì kaná láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù, ẹ rántí wa." Ẹ wá wo káàdì tí à ń fi ránṣẹ́! Ilé méjìlá bíi ti ọpọ́n ayò ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìràwọ̀ tí wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Àǹtí ní ẹni tó bá ti lẹ mẹ́ta, ilé kẹrin tó ṣófo á máa gún un lójú. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi rèé. Mo ní bàbá kan tí mò ń pè láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Aago ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tún ṣe, Bàbá Aláago ni mò ń pè wọ́n. Lónìí wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti ń gbọ̀n, pé àwọn ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọ̀rọ̀ bá já bọ́ lẹ́nu mi: "Bàbá, ṣé ẹ ṣì fẹ́ máa bá a lọ?" Mò ń gbọ́ oríṣiríṣi aago tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Rárá, ọmọ mi. O ṣeun tó o bi mí." Àǹtí ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí tábìlì tiwọn.

Màámi, Àǹtí nílé, Àǹtí níbi iṣẹ́. Ọkọ̀ kan náà la jọ ń wọ̀ lọ, òun la jọ ń wọ̀ bọ̀. Ìwé ìrìnnà mi wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Wọ́n ní tí mo bá ti dé òkè òkun níbí ni màá padà sílé ìwé, ó ti di oṣù kẹrìndínlógún báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí n máa bọ̀ nílé. Mi ò ní di ẹrù sí yín lọ́rùn. Mo lè máa bá yín lọ aṣọ.

Owó tí mo rí fún oṣù yìí wà nínú bébà tí mo ká pọ̀ yìí.

Èmi ọmọ yín,
Akọ̀wé


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Akọ̀wé mi,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹkún rẹ, lẹ́ẹ̀kan nítorí ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀. Ara mi le. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n aránṣọ tí ẹ̀yìn ò dùn, kò tíì rán nǹkan kan.

Ká mú ti ẹkún ná. Wọ́n pariwo mọ́ ọ, o wá ra sítáǹbù sí i? Èmi tí mo bí ọ, ṣé orin ni mò ń kọ sí ọ létí tẹ́lẹ̀ ni? Nígbà tí bàbá rẹ ṣaláìsí, tí gbogbo ẹbí ń wo òkè àjà bí ẹni pé owó ilé ìwé rẹ máa já bọ́ láti ibẹ̀, ẹnì kan péré ló nawọ́, àbúrò mi yìí náà ni. Mú sùúrù. Ilé ìwé ò ní sá lọ.

Ọgbọ́n wàyí. Ọmọ, o là mí lójú! Ṣé o mọ yàrá ìgbẹ̀bí tí a fẹ́ kọ́ mọ́ ilé ìwòsàn àdúgbò? Ọdún kẹta rèé tí a ti ń fẹnu kọ́ ọ. Ẹ̀yìn kọ́tìnì làwọn aboyún ṣì ń bímọ sí, ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́ ibà á sì máa gbọ́ gbogbo igbe. Tí a bá ṣèpàdé, "A ó ṣe é, a ó ṣe é" ló máa gba ẹnu gbogbo wọn. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti gbàgbé. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ káàdì yẹn, mo dìde lórí maṣíìnì. Mi ò ní ìràwọ̀, àmọ́ mo ní bọ́tìnì! Mo gé aṣọ funfun kan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì, mo fi òwú kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo fàlà sí i lọ́nà méjìlá. Ilé tó bá mú tiẹ̀ wá lóṣù, mo rán bọ́tìnì kan mọ́ ìlà ẹ̀. Mo gbé e kọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń jókòó de Nọ́ọ̀sì. Ìlà ta ló wà lókè pátápátá? Tìrẹ! Nínú ohun tí o fi ránṣẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Bọ́tìnì pupa ni mo fi ṣe é, èyí tó dáa jù lọ nínú agolo mi.

O ní ẹ máa ń so ó mọ́ ohun tí èèyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, àbí? Ìgbà tí wọ́n bá wá wọn ara fún aṣọ lèmi ń bèèrè. Ẹni tí mo ti fi téèpù yí ìbàdí ẹ̀ ká, ibo ló fẹ́ sá gbà? Birikìlà pariwo, "Ìyá Akọ̀wé, ẹ tú mi sílẹ̀, mo ti gbà!"

Má ṣe jẹ́ kí tìrẹ pẹ́ lóṣù o. Ojú gbogbo àdúgbò wà lára ìlà rẹ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ọgbọ́n o. Mo fi ọ̀rọ̀ téèpù yẹn rẹ́rìn-ín débi tí Àǹtí fi kanlẹ̀kùn bálùwẹ̀ pé kí ló ń ṣe mí. Ibẹ̀ ni mo ti ń ka ìwé yín, ibẹ̀ nìkan ló ṣeé tì láti inú. Nígbà tó yá, mo tún un kà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àǹtí ní kí n tún pe Bàbá Aláago. Wọ́n ní kí n má tọrọ nǹkan kan, kí n kàn kí wọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Mo ní mi ò ní lè pè wọ́n. Wọ́n ní kò sí "mi ò ní lè" nínú ilé àwọn. Èmi náà bá pè. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀kan tán tí wọ́n fi gbé e. Màámi, wọ́n ti jókòó tì í! Wọ́n ní, "Mo rò pé torí mo dáwọ́ dúró ni o ò fi pè mọ́." Mo ní rárá o, Bàbá. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun márùn-ún ni mo ti wọ ẹ̀wù tán tí mo jókòó." Ẹ̀wù o! Láti fi gba fóònù! Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn fúnra wọn ti ní kí n kọ orúkọ àwọn padà. Àǹtí pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní kí gbogbo yàrá dìde pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní mo ti mọṣẹ́.

Kì í ṣe nítorí àwọn ọmọ yẹn ni Bàbá fi ń san án mọ́. Kí fóònù lè dún ni.

Ìbéèrè mi rèé: àwọn tó wà lára aṣọ yín, ṣé wọ́n fẹ́ yàrá ìgbẹ̀bí ni àbí wọ́n ń bẹ̀rù àyè bọ́tìnì tó ṣófo? Ìyá Afọṣọ ẹ̀yìnkùlé wa ńkọ́, ṣé orúkọ wọn wà níbẹ̀? Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ kì í gbẹ, iṣẹ́ wọn máa ń dúró ni. Ọmọ wọn tí àyà máa ń há ńkọ́?

Ẹ ò sì fèsì lórí pé mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ẹ kàn ní kí n mú sùúrù. Sùúrù ni mò ń jẹ níbí, òun náà ni mò ń mu.

Owó ti oṣù yìí máa pẹ́ díẹ̀, Àǹtí ò tíì yọ̀ǹda ẹ̀. Ẹ má bínú.

Akọ̀wé yín


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Akọ̀wé mi,

Má pè mí ní onígbàgbé. Iṣẹ́ bò mí mọ́lẹ̀ ni. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ rán aṣọ báyìí, wọ́n fẹ́ wá sọ̀rọ̀ nípa bọ́tìnì ara wọn kí wọ́n lè máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ilé méjìlélọ́gbọ̀n ló wà lára aṣọ. A ti ra búlọ́ọ̀kù. Ògiri ti dé ojú fèrèsé! Tí o bá rí Nọ́ọ̀sì, ṣe ló ń jó láàárín iyanrìn.

O bi mí bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́, búlọ́ọ̀kù kan náà ni wọ́n rà. Ìlà wọn kún.

Afọṣọ rẹ wà níbẹ̀. Bọ́tìnì méjì ló ní, ti oṣù kẹrin ṣófo. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà kọjá, kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí kò gbé ọmọ wá gba oògùn àyà. Mi ò lé e o. Kò sẹ́ni tó lé e. Tí kò bá lè ṣe é, ṣebí ó lẹ́nu, kó wá wí.

Ẹni tó bá ti fẹ́ ráhùn pé nǹkan le, ìlà rẹ ni mo máa ń tọ́ka sí. Mo máa ní, "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó wà nínú òtútù, wo bọ́tìnì ẹ̀!" Wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò. Ti oṣù kẹta tó pẹ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo fowó mi rán an kí wọ́n má baà rí ọ̀rọ̀ sọ. Má jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé o fẹ́ máa bọ̀ nílé: tó o bá padà wá, ta ni màá wá máa tọ́ka sí?

Ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Màámi,

Mi ò ní kí yín pẹ́ lónìí, ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú aṣọ yẹn sílẹ̀. Ẹ gbé e sínú àpótí ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ máa rán bọ́tìnì sí i níkọ̀kọ̀. Ibi tí aláìsàn ń jókòó sí kọ́ ló yẹ kó wà. Ìyá Afọṣọ ò sá fún yín, ojú ló ń tì wọ́n. Wọn ò lè jókòó síbẹ̀ kí àyè bọ́tìnì tó ṣófo máa wò wọ́n. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ lọ sin ìyá bàbá mi, tí ibà dá mi dùbúlẹ̀? Ta ló ń fi aṣọ tútù nù mí lára títí ẹ fi dé?

Mo mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, Màámi. Mò ń ṣe é fún èèyàn ọgọ́rin lọ́sẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Tí nǹkan kan bá ṣe ọmọ yẹn, èmi ni.

Ẹ lọ bá wọn. Ẹ fèsì kíákíá. Ẹ má dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá dín.

Akọ̀wé


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà

Akọ̀wé,

Inú bí mi ni mi ò fi kọ̀wé. Mo ní kí ìbínú náà sùn ná, kò sùn.

Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Ó ti sú ọ láti máa fi nǹkan ránṣẹ́, o ò lè là á mọ́lẹ̀, o wá fi Afọṣọ bojú. Èmi tí mo fi orúkọ rẹ lé orí gbogbo orúkọ! Àǹtí rẹ sì kọ̀wé pé àwọn fẹ́ fi ọ́ ṣe olùkọ́ fún àwọn tuntun, pé kò tíì sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú èèyàn dúró bíi tìrẹ. Ṣé ẹni tí wọ́n há mọ́lé ni wọ́n ń fi ṣe olùkọ́?

Kó o má baà ní mi ò gbọ́ tìrẹ, mo lọ. Afọṣọ ò ṣílẹ̀kùn, inú ilé ló ti ń dá mi lóhùn. Mo ní, "Bọ́tìnì lásán ni, èmi á rán an fún ẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ó ní, "Èmi á mọ̀." Mo ní ṣé tìtorí bọ́tìnì lọmọ rẹ ò ṣe ní gba oògùn? Ó ní, "Ìlà Akọ̀wé ló ń wò mí lójú, Ìyá Akọ̀wé. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn. Tí mo bá jókòó sábẹ́ ẹ̀, bíi pé òun ló ń bi mí pé tèmi dà. Ikú yá ju ẹ̀sín." Ọmọ ń wúkọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ikọ́ tó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa àga nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ti lọ, kò ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ni kí n wá ṣe? Kí n fi orí fọ́ ilẹ̀kùn?

Aṣọ mi ò ní kúrò lára ògiri. A ti fẹ́ kan òrùlé. Má jẹ́ kí ti oṣù keje pẹ́ o. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lẹ́nu báyìí pé ọjọ́ tí ìlà òkè bá ṣófo, tàwọn náà á ṣófo, ojú ò sì ní ti ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù keje

Màámi,

Ẹ kú àárò, ẹ kú ìlàágùn. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ wí. Ẹ má bínú mọ́. Mo ti gba ipò olùkọ́ náà, ọmọbìnrin mẹ́rin ni mo ti kọ́. Àǹtí ra bàtà fún mi. Ara mi le.

Ẹ bá mi kí Nọ́ọ̀sì.

Ọmọ yín,
Akọ̀wé


Ọjọ́ kan náà

Màámi, èyí ò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Tí mi ò bá kọ ọ́, á bẹ́ mọ́ mi nínú ni.

Bálùwẹ̀ ni mo wà, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Àǹtí ti kàn án lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé ò ń bímọ níbẹ̀ ni?" Mo ní mò ń fọ irun. Wọ́n ní kí n yára, pé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń dúró níbi iṣẹ́ láti bèèrè bí mo ṣe mú Bàbá Aláago padà. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti kọ ìwé kan sí Nọ́ọ̀sì, kò gùn. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á sókè nípàdé. Èmi tí mo ni ìlà òkè, apá mi ò ká a mọ́. Bọ́tìnì oṣù kẹta kì í ṣe tèmi, ìyá mi ló bò mí láṣìírí, ẹ tú u kúrò. Ẹ má rán ti oṣù keje. Ẹ má rán ti oṣù kẹjọ. Kí ẹ tó kà á nípàdé, ẹ lọ kà á lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Afọṣọ, bí wọn ò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ẹ ní mo ní kí wọ́n bá mi gbé ọmọ wá jókòó sábẹ́ ìlà mi tó ṣófo, kó má baà dá wà."

Irọ́ ni. Owó ti oṣù keje wà lára mi báyìí, inú ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì. Apá mi ká a.

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ojú máa tì yín. Wọ́n á wò yín lójú nígbà tí ẹ bá nawọ́ téèpù. Birikìlà máa sọ nǹkan kan, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ò ní lè rẹ́rìn-ín. Òrùlé lè pẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, torí ẹ̀yìn kọ́tìnì yẹn náà lẹ bí mi sí. Ẹ máa kọ̀wé sí mi pé mo ti tú yín síhòòhò, ó sì lè jẹ́ ìwé tí ẹ máa kọ kẹ́yìn nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Àǹtí á sọ pé àwọn ti mọ̀ pé orí mi ò pé. Kò tiẹ̀ dájú pé Ìyá Afọṣọ á jáde.

Ẹ máa bi mí ìdí, mi ò sì ní lè sọ. Tí ẹ bá fi lè mọ̀ pé mo ní in, alẹ́ ọjọ́ náà lẹ máa fọwọ́ ara yín rán bọ́tìnì yẹn padà. Mo mọ̀ yín. Torí náà ahun ni màá jẹ́. Ọmọ tí òkè òkun ti bàjẹ́ ni màá jẹ́, títí ẹ fi máa rí nǹkan mìíràn sọ.

Mo ti fi itọ́ lẹ àpòòwé Nọ́ọ̀sì. Àpótí lẹ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń wọkọ̀, tí Àǹtí bá bèèrè, màá ní ìwé yín ni. Èyí tí mò ń kọ yìí, omi ni mò ń tú sí i lórí báyìí, kí Àǹtí má baà rí i kà. Ó ti ń rin bọ̀ láti etí.